Owó Orí, Àjàkálẹ̀ Àrùn àti Ìdìde Ọdún 1381 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ìdí tí àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ya wọ Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹfà ọdún 1381, tí wọ́n dáná sun ààfin, tí wọ́n sì bẹ́ orí bíṣọ́ọ̀bù àgbà, èsì tí ẹ máa gbọ́ kì í ju méjì lọ: ebi ń pa wọ́n, owó orí sì ti pọ̀ jù. Òótọ́ wà nínú èkejì. Èkíní ló ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí ọdún 1381 kì í ṣe ọdún ìyàn. Ìyàn ńlá ilẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ láàárín 1315 sí 1317, nígbà tí òjò kọ̀ tí kò dá, tí ọkà rà lóko. Èèyàn kú bí ewé nígbà náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kó ogun ja Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó dìde ní 1381 jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó la ìyàn yẹn já, wọ́n sì ń jẹun yó ju àwọn bàbá-ńlá wọn lọ. Kí ló wá bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀?

Ọdún 1348 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn òpìtàn ń pè ní Black Death gba èbúté kékeré kan ní Dorset, létí òkun gúúsù, wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí 1349 tó parí, ó ti tàn kálẹ̀. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé láàárín ìdámẹ́ta sí ìdajì gbogbo èèyàn ilẹ̀ náà ló bá a lọ. Kò sì tán síbẹ̀. Ó padà wá ní 1361, ó sì pa àwọn ọmọdé débi pé orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe ti ọdún náà. Ó tún padà ní 1369, ó tún yọjú ní 1375. Àwọn tí ì bá dàgbà rọ́pò àwọn tó kú, àwọn náà ń kú.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe sí owó iṣẹ́. Ilẹ̀ kò kú, màlúù kò tán, ọkà ṣì ń gbó lóko. Ọwọ́ tí yóò kórè rẹ̀ ló wọ́n. Ṣáájú àrùn, alágbàṣe tó bá rí pẹ́nì kan ààbọ̀ tàbí méjì gbà lóòjọ́ á dúpẹ́, nítorí àwọn tó ń wá iṣẹ́ kan náà tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn àrùn, onílẹ̀ ló ń wá alágbàṣe kiri. Ó dà bí ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń kọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà, tí bíríkìlà ibẹ̀ kò sì ju mẹ́ta lọ: bíríkìlà ló máa dá iye, òun náà ló máa sọ oúnjẹ tí òun fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìnlá fi ń parí lọ, pẹ́nì mẹ́ta sí mẹ́rin ni alágbàṣe tí kò kọ́ṣẹ́ kankan ń gbà lóòjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ayé pọ́n-ùn àti ṣílè ní Nàìjíríà ṣáájú 1973 kò nílò àlàyé lórí owó yìí, ìṣirò kan náà ni: pẹ́nì 12 ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan.

Ó hàn nínú oúnjẹ pàápàá. Ní abúlé Sedgeford ní Norfolk, àkọsílẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn olùkórè ṣì wà títí dòní. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, búrẹ́dì ọkà báálì ni wọ́n fi ń dí wọn níkùn, pẹ̀lú wàràkàṣì àti ẹja díẹ̀. Lẹ́yìn àrùn, díẹ̀díẹ̀ ni búrẹ́dì àlìkámà ń gba ipò ti báálì, ẹran màlúù dé orí tábìlì, ọtí sì pọ̀ sí i. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé owó ọkà wọ́n gan-an fún nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn àrùn àkọ́kọ́. Àyípo ọdún 1375 ni owó ọkà já wálẹ̀, tí owó iṣẹ́ kò sì já. Ìgbà yẹn gan-an ni adùn náà wá dé ẹnu. Ẹni tó gbé ọfà ní 1381 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọ wò ni.

Àwọn onílẹ̀ kò dákẹ́. Àrùn ṣì ń pa èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba Ọba Edward Kẹta gbé àṣẹ jáde ní oṣù kẹfà 1349, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì sọ ọ́ di òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1351. Òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má gba owó iṣẹ́ tó ju ti ọdún 1346 lọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọgọ́ta ọdún, tí ara rẹ̀ le, tí kò ní ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́, dandan ni kó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá pè é. Wọ́n ka owó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń tú koríko sá, pẹ́nì kan lóòjọ́, ọ̀gá káfíńtà, mẹ́ta, ọ̀gá agbẹ́kùúta, mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí òṣìṣẹ́ máa búra pé òun á pa òfin mọ́. Ẹni tó bá kọ̀, àbà ni wọ́n á kàn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú ṣe àbà tirẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni adájọ́? Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ni, àwọn tí yóò san owó iṣẹ́ náà. Ibi tó sì fi dunni ni pé àwọn kan náà ló ń rú òfin yìí ní kọ̀rọ̀. Bí ọkà bá ń gbó lọ tí kò sí olùkórè, onílẹ̀ á kọ iye tí òfin wí sínú ìwé, á wá fi oúnjẹ, ọkà tàbí aṣọ dí ìyókù fún òṣìṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1363, wọ́n tiẹ̀ ṣòfin nípa aṣọ wíwọ̀: darandaran àti ẹni tó ń fi màlúù túlẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ju aṣọ kíjìpá olówó pọ́ọ́kú lọ. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi fagi lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó ń ṣòfin pé kí tálákà má wọ aṣọ àwọn ọlọ́lá bí kò bá jẹ́ pé tálákà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

Ẹrù kejì wà lọ́rùn wọn, tó ti wà kí àrùn tó dé. Kì í ṣe gbogbo ará oko ló jẹ́ ọmọ òmìnira. Àwọn kan wà tí òfin so mọ́ ilẹ̀ àti onílẹ̀. Villein ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Villein kì í ṣe ẹrú tí wọ́n ń tà lọ́jà, kì í sì í ṣe ìwọ̀fà, nítorí ìwọ̀fà ní gbèsè kan tó lè san kó sì máa lọ ilé rẹ̀. Wọ́n bí i sínú rẹ̀ ni. Ó ní oko tirẹ̀ tó ń dá, ó ní ilé, ó ní ẹran ọ̀sìn, ó lè lówó ju aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ òmìnira lọ pàápàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè jẹ́ ti onílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ìgbà ìkórè sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́ fọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ, ó san owó. Bí ó bá fẹ́ lọ gbé ìlú mìíràn, ó gba ìyọ̀ǹda, ó sì ń san owó lọ́dọọdún. Bí ó bá kú, onílẹ̀ á wá mú ẹran tó dára jù nínú agbo rẹ̀, kí àwọn ọmọ tó tiẹ̀ sin òkú tán. Bí onílẹ̀ bá sì rẹ́ ẹ jẹ, kò lè gbé e lọ kóòtù ọba. Kóòtù onílẹ̀ náà ni yóò padà sí.

Ní báyìí, ẹ fi ohun méjèèjì sára wọn. Villein kan tó lágbára, tó gbọ́ pé ní abúlé kejì wọ́n ń san pẹ́nì mẹ́rin lóòjọ́, ní láti jókòó sídìí onílẹ̀ rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣáájú àrùn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọjọ́ kan kò jù pẹ́nì kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àrùn, iye rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, onílẹ̀ tó sì ń rí i pé owó ń jò lápò òun tún ń fún okùn náà le. Èyí ni mo rò pé ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ìnira àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ló wá ní iye tí èèyàn lè kà lọ́wọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà òfin ná. Ní 1377, ní abúlé bíi ogójì káàkiri Wiltshire, Hampshire, Surrey àtàwọn àgbègbè míì ní gúúsù, àwọn ará oko dá owó jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n ránṣẹ́ lọ gba ẹ̀dà Domesday Book, ìwé ńlá tí Ọba William kọ gbogbo ilẹ̀ sí ní 1086. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ ọba ni ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́, nítorí òfin ní àǹfààní kan fún ẹni tó wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ìwé náà gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbè wọ́n. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ẹjọ́ wọn sùn pé wọ́n ń gbìmọ̀ pọ̀ láti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àwọn ará oko yìí jẹ́ òpè tí kò mọ ìwé, ẹ rán an létí ọdún 1377.

Ọ̀ràn owó orí ló kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá Faransé jagun láti 1337. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́gun pọ̀, ìkógun sì ń wọlé. Nígbà tó fi máa di 1377, Edward Kẹta ti darúgbó, ó sì kú lọ́dún náà. Richard Kejì, ọmọ-ọmọ rẹ̀, gorí ìtẹ́ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará Faransé sì ń gúnlẹ̀ sétí òkun gúúsù, wọ́n ń sun ìlú. Owó ogun ń lọ, a kò rí ìṣẹ́gun kankan tọ́ka sí. Ojú gbogbo èèyàn wà lára John of Gaunt, àbúrò bàbá ọba, ọlọ́rọ̀ jù lọ nílẹ̀ náà lẹ́yìn ọba.

Owó orí mẹ́ta ni wọ́n gbà láàárín ọdún mẹ́rin. Ti 1377 jẹ́ pẹ́nì mẹ́rin lórí gbogbo ẹni tó ti lé lọ́mọ ọdún 14. Ti 1379 ní ìpele: Gaunt san pọ́n-ùn mẹ́fà ó lé, mẹ̀kúnnù san pẹ́nì mẹ́rin. Ìyẹn dára díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó wọlé kò tó ogun náà ná. Ní oṣù kọkànlá 1380, ìgbìmọ̀ jókòó ní Northampton, wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kẹta: ṣílè kan gbáko, ìyẹn pẹ́nì 12, lórí ẹnikẹ́ni tó ti lé lọ́mọ ọdún 15, lọ́kùnrin lóbìnrin, àyàfi alágbe. Ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí olówó abúlé máa ran aláìní lọ́wọ́ kí àpapọ̀ lè pé. Ìyẹn dára níbi tí olówó wà. Abúlé tí kò ní olówó, tálákà ibẹ̀ ló san ṣílè tirẹ̀ pé pérépéré. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì tó ti bàlágà á san ṣílè mẹ́rin, iye tí bàbá ilé á fi ju ọjọ́ méjìlá ṣiṣẹ́ kó tó rí.

Kí ni wọ́n ṣe? Ohun tí gbogbo ayé máa ń ṣe: wọ́n fi èèyàn pamọ́. Ní 1377, àwọn tó san ní gbogbo ilẹ̀ náà lé ní 1,355,000. Nígbà tí wọ́n ka ti 1381, wọn kò pé 900,000. Ní Essex nìkan, nǹkan bí 48,000 ló rọ̀ sí nǹkan bí 31,000. Àrùn kankan kò jà láàárín méjèèjì tó lè pa iye bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yẹ ìwé orúkọ abúlé wò, àwọn tó pòórá jù ni àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ: ọmọbìnrin àgbà tó wà nílé bàbá, àbúrò ìyàwó, ìyá opó tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Òṣìṣẹ́ ìkànìyàn kò sí nígbà náà tí yóò wá ka orí nínú ilé, ọlọ́pàá abúlé fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ará ilé rẹ̀ sì wà nínú àwọn tó ń fi pamọ́. Ìjọba rí i pé iṣirò kò jọra, wọ́n rán àwọn olùwádìí jáde nínú oṣù kẹta 1381.

Ọgbọ̀nọjọ́ oṣù karùn-ún, ọ̀kan nínú wọn, John Bampton, jókòó ní Brentwood ní Essex, ó ránṣẹ́ pe àwọn ará Fobbing pé kí wọ́n wá ṣàlàyé. Wọ́n dé, wọ́n ní àwọn ti san, ìwé ẹ̀rí tí òun Bampton fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn kò ní san pẹ́nì kan mọ́. Ó halẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn ará Corringham àti Stanford wá dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bampton ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó bá a wá mú wọn. Ẹ̀ṣọ́ méjì sí ọgọ́rùn-ún èèyàn! Ni wọ́n bá lé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Essex àti Kent ti gbaná.

Ọ̀rọ̀ Kent ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ó sì yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu. Àṣà ìbílẹ̀ Kent kò mọ villein. Ẹni tí wọ́n bá bí ní Kent, ọmọ òmìnira ni lójú òfin. Síbẹ̀ àwọn ló kó ọ̀wọ́ tó le jù lẹ́yìn Wat Tyler, ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí. Wọ́n gba ilé olódi Rochester ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, wọ́n wọ Canterbury ní ọjọ́ kẹwàá. Ti Kent, owó orí àti ìjọba tí kò lè dáàbò bo etí òkun wọn ló ń dùn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kí èèyàn fi ìdí kan ṣoṣo ṣàlàyé 1381: àwọn tó pàdé lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù kò bínú sí ohun kan náà.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ìdìde àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n nínú ìwé kóòtù tí wọ́n fi ṣẹjọ́ wọn lẹ́yìn náà, ẹ máa bá alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, ahunṣọ, àlùfáà kéékèèké, àtàwọn tó di ipò mú lábúlé: ọlọ́pàá abúlé, alábòójútó oko, ìgbìmọ̀ kóòtù onílẹ̀. Àwọn tó mọ bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Obìnrin wà níbẹ̀. Johanna Ferrour ará Rochester ni ìwé ẹjọ́ pè ní ọ̀kan nínú àwọn olórí tó sun ààfin Savoy, ilé John of Gaunt ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Suffolk, nígbà tí Adájọ́ Àgbà John Cavendish, ẹni tó ti ń fi òfin owó iṣẹ́ jẹ àwọn ará ibẹ̀ níyà, sá dé etí odò ní Lakenheath, Katherine Gamen ló ti ọkọ̀ ojú omi tì sójú agbami kó má bàa rí i wọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ Bury St Edmunds.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, àwọn ará Kent dé Blackheath, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ John Ball, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ọ̀rọ̀ tó fi wàásù fún wọn ni pé nígbà tí Ádámù ń kọ ebè, tí Éfà ń ran òwú, ta ni ọlọ́lá nígbà náà? Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ tí wọ́n ń pè ní Corpus Christi, ọba wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ni wọ́n bá kọjú sí afárá. Ẹnì kan láti inú Lọ́ńdọ̀nù ló ṣí i fún wọn, nítorí mẹ̀kúnnù ìlú náà ní ìbínú tirẹ̀.

Ibí yìí ni ẹni tó bá ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ti máa ń ṣọnù: àwọn ọlọ̀tẹ̀ yìí kò lòdì sí ọba. Bí wọ́n bá pàdé ẹni tí wọn kò mọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á bi í pé ta ló wà pẹ̀lú, èsì tó tọ̀nà sì ni Ọba Richard àti àwọn mẹ̀kúnnù òtítọ́. Lójú wọn, ọmọ ọdún 14 yìí kò mọ nǹkan kan, àwọn tó yí i ká ló ń fi orúkọ rẹ̀ jalè. Orúkọ àwọn tí wọ́n ń wá kò pọ̀: Gaunt, Simon Sudbury, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tó tún jẹ́ Chancellor ọba, ìyẹn ìjòyè àgbà tó ń tọ́jú èdìdì ọba, Robert Hales, akápò ìjọba. Gaunt wà ní àríwá, ìyẹn ló yọ ọ́. Ààfin rẹ̀ tó ń jẹ́ Savoy ni wọ́n jó di eérú. Wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkan kan, àwọn kì í ṣe olè. Ẹni tó gbìyànjú láti kó fàdákà lọ, wọ́n jù ú sínú iná náà.

Ká má fi wọ́n ṣe áńgẹ́lì o. Wọ́n fa àwọn àjèjì ará Flanders jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí lójú títì. Ìlara ọjà ló wà nídìí ìyẹn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú owó orí.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ọba lọ pàdé wọn ní Mile End. Ohun tí wọ́n béèrè ṣe kedere: kí villein tán nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì àyàfi nípa àdéhùn, kí owó ilẹ̀ jẹ́ pẹ́nì mẹ́rin lórí éékà kan. Ó gbà. Ọgbọ̀n akọ̀wé jókòó, wọ́n ń kọ ìwé òmìnira fún abúlé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ará Essex gba tiwọn, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n forí lé ilé. Láàárín wákàtí kan náà, àwọn mìíràn wọ Tower, ilé olódi ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bá Sudbury àti Hales nínú ilé ìjọsìn, wọ́n bẹ́ orí wọn lórí òkè tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Agbárí Sudbury ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Gregory ní ìlú Sudbury ní Suffolk títí dòní.

Ibi gbogbo tí wọ́n dé, ìwé ni wọ́n ń sun. Àwọn kan rò pé ìkórìíra ẹ̀kọ́ ni. Ní Cambridge, obìnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Margery Starre fọ́n eérú ìwé yunifásítì sínú atẹ́gùn, ó ń kígbe pé kí ọgbọ́n àwọn akọ̀wé máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìwé tí wọ́n ń yàn: ìwé kóòtù onílẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bàbá lágbájá jẹ́ villein; ìwé owó orí; ìwé gbèsè. Bí ìwé yẹn bá jóná, kò sí ẹ̀rí mọ́. Àwọn kan náà tó ń sun ìwé sì ń du ìwé òmìnira ọba ní Mile End. Wọ́n mọ agbára ìwé dáadáa. Ẹni tó mú un dání ni wọ́n ń bá jà.

Ìtàn St Albans ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ló ni ìlú náà, wọ́n sì ní òfin pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ ọkà nílé rẹ̀: ilé ọlọ àwọn mọ́ńkì ni kó gbé e lọ, kó sì san nínú ọkà náà fún wọn. Àwọn ará ìlú ń fi ọlọ ọwọ́ lọ tiwọn ní kọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú 1381, olórí mọ́ńkì ìgbà náà, Richard of Wallingford, gba àwọn ọlọ náà lọ́wọ́ wọn. Kò fọ́ wọn, kò jù wọ́n nù. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀ yàrá kan nínú ilé àwọn mọ́ńkì, kí àwọn ará ìlú tó bá wá máa rí bí òun ṣe ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1381, wọ́n wọlé, wọ́n hú àwọn òkúta náà, wọ́n fọ́ wọn wẹ́wẹ́, wọ́n sì pín in fún ara wọn bí àlùfáà ṣe máa ń pín búrẹ́dì ìbùkún lọ́jọ́ Sunday, kí oníkálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé. Thomas Walsingham, mọ́ńkì ibẹ̀ tó kórìíra wọn, ló kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ẹni tó mú òkúta yẹn lọ sílé kò lè fi lọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọba tún pàdé àwọn tó kù ní Smithfield. Wat Tyler gun ẹṣin kékeré kan lọ bá a, ó di ọwọ́ ọba mú, ó pè é ní arákùnrin. Ohun tó béèrè lọ́jọ́ náà ju ti Mile End lọ: kí olúwa kankan má sí mọ́ àfi ọba, kí wọ́n pín ohun ìní ìjọ fún àwọn èèyàn, kí bíṣọ́ọ̀bù ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ó béèrè omi, ó fi fọ ẹnu níwájú ọba. Ó béèrè ọtí, ó mu ún. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, William Walworth, méyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, fi idà ṣá a, ẹlòmíràn tún gún un. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń fa ọrun nígbà tí ọmọdé ọba náà sá ẹṣin rẹ̀ lọ bá wọn, tó ní òun ni olórí wọn báyìí, kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni, pé ọba ni tiwọn.

Ọjọ́ kejì oṣù keje, ọba fagi lé gbogbo ìwé òmìnira náà. Walsingham ní nígbà tí àwọn ará Essex wá rán an létí ìlérí rẹ̀ ní Waltham, ó dá wọn lóhùn pé villein ni wọ́n, villein ni wọn yóò sì máa jẹ́. Wọ́n pa àwọn ará Essex ní Billericay. Despenser, bíṣọ́ọ̀bù Norwich, fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú ogun tó tú ti Norfolk ká. Wọ́n pa John Ball ní St Albans ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ jókòó ní oṣù kọkànlá, ìjọba bi àwọn aṣòfin bóyá wọ́n fẹ́ kí villein dòmìnira. Wọ́n fi àáké kọ́rí: àwọn kò ní gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwọn á kú lọ́jọ́ kan. Àwọn kan náà kò sì dábàá irú owó orí ṣílè kan yẹn mọ́.

Ṣé wọ́n pàdánù nìyẹn? Lójú ogun, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin owó iṣẹ́ kò kúrò, wọ́n tún mú un le sí i ní 1388. Ṣùgbọ́n àrùn ń padà wá, èèyàn kò pọ̀ sí i, ilẹ̀ ṣì ń ṣófo. Onílẹ̀ tó bá fún okùn villein rẹ̀ le jù, òru ọjọ́ kan ni onítọ̀hún á di ẹrù rẹ̀ lọ sí abúlé tó jìnnà, níbi tí onílẹ̀ mìíràn á ti gbà á tayọ̀tayọ̀ láìbi í léèrè bàbá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ fi ń yá ilẹ̀ wọn jáde fún owó, tí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń di owó ọdọọdún, tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kóòtù, irú èyí tí wọ́n sun ní 1381, sì ń di ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1500 fi máa dé, villein ti di ohun tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí.

Kò tán pátápátá. Ní 1549, nígbà tí àwọn ará Norfolk tún dìde lẹ́yìn Robert Kett, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀bẹ̀ wọn pé kí gbogbo ẹni tó wà nínú ìdè di òmìnira, nítorí Ọlọ́run ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá gbogbo èèyàn sílẹ̀. Ní 1574, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní yan àwọn ìjòyè méjì pé kí wọ́n tú àwọn ìyókù tó wà lórí ilẹ̀ ọba ní Cornwall, Devon, Somerset àti Gloucestershire sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́; wọ́n san owó rẹ̀.